Àwòṣe ẹ̀rọ kan ṣoṣo fún desktop 24 lórí server kan: kí ni kí n fi sí i, kí ni kí n yọ?

Olùkọ́_Lágere (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan ni mo ń darí ní Lágere. Kọ̀ǹpútà 24 tó wà níbẹ̀ ti darúgbó. RAM 2 GB ni ọ̀pọ̀ wọn ní, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì ṣí Excel àti Chrome pọ̀, a óò kàn máa wo ara wa lójú ni. Kàkà kí n ra 24 tuntun, mo ra server tòkunbọ̀ kan: core 16, thread 32, RAM 128 GB, SSD 2 TB méjì tí ọ̀kan jẹ́ ẹ̀dà èkejì. Debian ni mo gbé lé e, pẹ̀lú KVM, QEMU àti libvirt, àwọn ètò tó ń dá VM sílẹ̀ tó sì ń darí wọn.

Mo fẹ́ kí desktop kọ̀ọ̀kan máa gbé inú server náà gẹ́gẹ́ bí VM (kọ̀ǹpútà tí a fi sọ́fítíwià dá sínú kọ̀ǹpútà mìíràn), kí àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ wulẹ̀ jẹ́ ojú àti ọwọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dé ibẹ̀. 16 á jẹ́ Windows 11, 8 á jẹ́ Linux.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Mo ti fi ọwọ́ ṣẹ̀dá márùn-ún, wọ́n sì yàtọ̀ síra bí ọmọ orogún. Ọ̀kan ń lo àfarawé disk IDE àti káàdì nẹ́tíwọ̀kì Intel e1000, òmíràn ń lo SATA, òmíràn virtio tí wọ́n dìídì ṣe fún VM. Èyí yára, ìyẹn ń wọ́ bí ìgbín, mi ò sì rántí ohun tí mo ṣe sí èyí tó yára. Mo fẹ́ àwòṣe kan tí mo máa kọ sílẹ̀, tí gbogbo desktop á máa ti inú rẹ̀ jáde bí búrẹ́dì ṣe ń ti inú páànù kan náà jáde. Ìfẹ́ ọkàn mi ni pé kí ó jẹ́ paravirtualized látòkèdélẹ̀ (kí VM mọ̀ pé VM lòun, kó sì máa bá server ṣe àdéhùn tààrà), kí ẹ̀rọ àfarawé kankan má sí nínú rẹ̀. Ṣé ó ṣe é ṣe?

Ọmọ_Ọbòkun (Iléṣà)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da ara yín láàmú. Ọ̀rọ̀ ayé Xen, ètò VM tó ṣáájú KVM, ni paravirtualization, ó ti kọjá. CPU òde òní ti ní VT-x (Intel) tàbí AMD-V nínú, tó ń bá a gbé VM. Ẹ jẹ́ kí Windows lo IDE àti e1000, ó ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ ò ní máa wá driver káàkiri. Mẹ́ta ni mo ní níbí, wọ́n ń ṣiṣẹ́.

Àbẹ̀kẹ́_Server (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í.

Nígbà tí Xen jáde láti Cambridge ní 2003, lórí CPU gan-an ni wọ́n ti ń ṣe àdéhùn. CPU x86 ìgbà yẹn kò rọrùn láti fi gbé VM, torí náà wọ́n tún kernel àlejò (ọkàn ètò inú VM) kọ kí ó lè mọ̀ pé ilé onílé lòun wà, kí ó sì máa tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé (server tó gbà á sílé) kó tó ṣe àwọn iṣẹ́ kan. Linux ṣe é tún kọ. Windows kò ṣe é tún kọ, nítorí àwọn tó ni ín ló ni kóòdù rẹ̀. Nígbà tí Intel gbé VT-x jáde ní 2005, tí AMD náà tẹ̀ lé e ní 2006, apá ti CPU yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ pọn dandan mọ́. Ọ̀rọ̀ Ọmọ_Ọbòkun tọ̀nà dé ibẹ̀.

Àmọ́ VT-x kò sọ ohunkóhun nípa disk àti nẹ́tíwọ̀kì. Bí àlejò bá rò pé káàdì e1000 gidi ló wà níwájú òun, ìgbàkígbà tó bá fọwọ́ kan register rẹ̀ (àyè ìdarí inú káàdì), CPU á dá iṣẹ́ àlejò dúró, á jáde sọ́dọ̀ onílé, QEMU á ṣe bíi káàdì Intel, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó padà wọlé. Packet kan ṣoṣo lè fa irú ìjáde-wọlé bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ fojú inú wo Òṣómàáló tó gbéra ní Iléṣà lọ gba kọ́bọ̀ kan nínú owó aṣọ, tó padà wálé, tó tún gbéra lọ gba kọ́bọ̀ kejì. Kò sí Òṣómàáló tó ń ṣòwò bẹ́ẹ̀. Ó ti kọ gbèsè gbogbo oníbàárà sílẹ̀. Ọjọ́ tó bá dé ìlú wọn, á lóṣòó, á sì gba gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí virtio ṣe ń ṣe nìyẹn. Àlejò àti onílé jọ ní àkọsílẹ̀ kan nínú RAM, virtqueue lorúkọ rẹ̀. Àlejò á to ìbéèrè rẹ̀ sínú rẹ̀, á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan. Onílé á ṣe gbogbo rẹ̀, á kọ èsì sí i.

Rusty Russell, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ kernel Linux, ló gbé virtio kalẹ̀, ó sì wọ inú Linux 2.6.24 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008. Ẹgbẹ́ OASIS ló wá sọ ọ́ di òṣùwọ̀n: 1.0 ló kọ́kọ́ dé, 1.1 tẹ̀ lé e ní 2019, 1.2 ní 2022. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fẹnu kò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí alága ìjókòó àti alága ìdúró níbi ìdána. Ẹ̀rọ á ka gbogbo ohun tó lè ṣe, driver á mú èyí tó yé e nínú rẹ̀, wọ́n á fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó jọ ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí driver àtijọ́ fi lè bá onílé tuntun gbé láìjà.

VM mẹ́ta lè gbé IDE. Ní 24, ìjáde-wọlé yẹn ló máa jẹ CPU yín tán.

Ọmọ_Ọbòkun (Iléṣà)

Ó yé mi, ẹ ṣeun mà. Mi ò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni apá CPU, ọ̀tọ̀ ni ti disk. Ṣùgbọ́n ohun tó lé mi kúrò nídìí virtio nìyí: mo dé ibi tí Windows ti ń béèrè disk tó máa gúnlẹ̀ sí, kò rí ọ̀kankan. Mo tún gbìyànjú láti yí VM tó ti wà lórí SATA padà sí virtio, ojú búlúù ló yọ sí mi: INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE. Mo sá padà.

Tòkunbọ̀_Tech (Iléṣà)

Méjèèjì ní ọ̀nà. Nígbà tí ẹ bá ń gbé Windows lé e, ẹ so ISO virtio-win (àkójọ driver virtio fún Windows) mọ́ VM bíi CD kejì. Níbi tí disk ò ti hàn, ẹ tẹ Load driver, ẹ wọ fódà vioscsi, lẹ́yìn náà w11, lẹ́yìn náà amd64. Disk á yọjú lójú ẹsẹ̀. NetKVM ni ti nẹ́tíwọ̀kì, ẹ mú òun náà níbẹ̀.

Èyí tó ti wà lórí SATA, ẹ má kọ́kọ́ fọwọ́ kan disk tí Windows ń gbé. Ẹ fi disk virtio kékeré kún un, 1 GB ti tó, kí ó wà lórí irú controller kan náà tí ẹ fẹ́ gbé ńlá lọ. Ẹ tan Windows, ẹ fi driver sí i títí á fi rí disk kékeré yẹn. Ẹ wá pa á, kí ẹ tó yí ńlá. Bí Windows kò bá tíì lo driver disk kan rí, kì í gbé e dìde ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ohun tó fa ojú búlúù yín nìyẹn.

Ọ̀dọ́_Kámpọ́ọ̀sì (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, bí ẹ bá fẹ́ kó mọ́ látòkèdélẹ̀, microvm, irú ẹ̀rọ VM kékeré kan, ni kí ẹ lò. Ó wà nínú QEMU láti 4.2. Kò ní PCI (ọ̀nà tí káàdì fi ń so mọ́ mọ́tábọ́ọ̀dù), virtio-mmio tí kò gba PCI kọjá ni gbogbo rẹ̀, ó sì ń dìde wéré.

Àbẹ̀kẹ́_Server (Ilé-Ifẹ̀)

Àbúrò, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, Linux kékeré tó ń dìde tó sì ń kú kíákíá. Windows kò ní gbéra lórí rẹ̀, Windows sì ni 16 nínú 24 Olùkọ́.

Ẹ̀rọ tí kò fara wé ohunkóhun láyé wà lóòótọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní virt nínú QEMU, fún ARM àti RISC-V, kò sí pátákó gidi kankan tó bá a mu, fún VM nìkan ni wọ́n ṣe dá a. Lórí x86, nǹkan méjì ló wà níwájú wa fún Windows: i440FX tó fara wé chipset Intel (ẹ̀rọ ìdarí orí mọ́tábọ́ọ̀dù) ti 1996, àti q35 tó fara wé ti 2007. Ẹ mú q35 pẹ̀lú UEFI (ètò tó ń tan kọ̀ǹpútà). Ó ní PCIe, ẹ̀rọ virtio tí libvirt bá sì so mọ́ ẹnu PCIe rẹ̀, èdè òṣùwọ̀n 1.0 ló máa ń sọ. Lórí i440FX, ó máa ń gbé èdè àtijọ́ àti tuntun pọ̀ mọ́ra.

Nítorí náà, Olùkọ́, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká fi "látòkèdélẹ̀" sílẹ̀. Windows 11 fẹ́ TPM 2.0 (ẹ̀rọ tó ń pa kọ́kọ́rọ́ ààbò mọ́), ẹ máa fi swtpm ṣe àfarawé rẹ̀. Chipset náà àfarawé ni. Kò sì dun ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí ẹni tó ń fi TPM gbé fáìlì ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ibi tí ẹrù ti ń kọjá lọ́sàn-án lóru ni kí ẹ ti ṣe àdéhùn: disk, nẹ́tíwọ̀kì, aago.

Tòkunbọ̀_Tech (Iléṣà)

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ "àwòṣe kan" tí Olùkọ́ lò, torí ó ti ná mi ní òpin ọ̀sẹ̀ kan rí.

Ibi iṣẹ́ kan ni mo ti ń fi script tí mo kọ fúnra mi gbé VM dìde. Mo kọ "-machine q35" sínú rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé q35 lásán kì í ṣe ẹ̀rọ kan pàtó. Orúkọ ìnagijẹ ni, ẹ̀yà tó tuntun jù nínú QEMU tó wà lórí server ló ń tọ́ka sí. Mo ṣe àtúnṣe server lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, QEMU náà di tuntun. Bí a ṣe tan àwọn desktop láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Windows rò pé wọ́n ti pààrọ̀ mọ́tábọ́ọ̀dù òun. Káàdì nẹ́tíwọ̀kì di "#2", àdírẹ́ẹ̀sì IP tí mo fọwọ́ kọ ṣì wà lára káàdì tí kò sí mọ́, kò sì sí desktop tó rí ara wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo tún wọn ṣe títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Nítorí náà ẹ kọ ẹ̀yà rẹ̀ gan-an, bíi pc-q35-7.2. Libvirt máa ń bá ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ forúkọ VM sílẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá ń fi àwòṣe XML tí ẹ kọ fúnra yín bí àwọn yòókù, ẹ wò ó pé nọ́ḿbà wà níbẹ̀. UUID (nọ́ḿbà ìdánimọ̀) àti MAC (àdírẹ́ẹ̀sì káàdì nẹ́tíwọ̀kì) VM kọ̀ọ̀kan náà, ẹ kọ wọ́n sínú ìwé. 52:54:00 ni MAC wọn sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fi nọ́ḿbà àga akẹ́kọ̀ọ́ parí rẹ̀ kí ẹ lè mọ ẹni tó ń yọ yín lẹ́nu lórí nẹ́tíwọ̀kì.

CPU náà ńkọ́? Ẹ má lo host-passthrough (kí VM rí CPU server gan-an bó ṣe rí) bí ẹ bá ní lọ́kàn láti ra server kejì. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé VM tó ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀kan sí èkejì, tí CPU wọn sì yàtọ̀, kò ní lọ. Ẹ mú orúkọ ìran CPU kan tí àwọn méjèèjì á lè ṣe. Ẹ rí i pé ó ní àwọn àṣẹ CPU tí wọ́n ń pè ní SSE4.2 àti POPCNT, nítorí Windows 11 24H2 kì í dìde níbi tí kò bá sí wọn.

Àbẹ̀kẹ́_Server (Ilé-Ifẹ̀)

Ti CPU, èmi kò gbà. Server kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Kí wọ́n lo host-passthrough, kí wọ́n jẹ gbogbo agbára ohun tí wọ́n san owó rẹ̀. Ti ẹ̀yà q35, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ.

Ọ̀dọ́_Kámpọ́ọ̀sì (Ilé-Ifẹ̀)

Mo gba ìbáwí ti microvm, ẹ̀gbọ́n. Ohun kan wà tí ẹnì kankan kò tíì sọ. Windows ní èdè paravirtualization tirẹ̀ nínú, èyí tó fi ń bá Hyper-V, ètò VM ti Microsoft, sọ̀rọ̀. KVM lè ṣe bí ẹni pé òun gbọ́ èdè yẹn. Nínú XML libvirt, abẹ́ features ni àmì hyperv wà: ẹ tan relaxed, vapic, spinlocks, vpindex, synic àti stimer. Lábẹ́ clock, ẹ tan hypervclock, kí ẹ sì pa hpet, aago àfarawé. Láìsí ìwọ̀nyí, Windows tí kò ṣe nǹkan kan á máa béèrè aago lọ́wọ́ onílé láìsinmi, ẹ ó sì rí CPU tó ń gbóná nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ jẹun. Kò sí driver tí ẹ máa wá fún un. Ti Linux, kvm-clock ti wà nínú kernel rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tòkunbọ̀_Tech (Iléṣà)

Òótọ́ pọ́ńbélé. Fún èmi, ìyàtọ̀ tí èyí ṣe hàn ju ti káàdì nẹ́tíwọ̀kì lọ.

Ọmọ_Ọbòkun (Iléṣà)

Mo gbọ́ pé KSM máa ń wá ojú ewé RAM tó jọra láàárín àwọn VM, á sì sọ wọ́n di ọ̀kan. Bí gbogbo desktop bá jáde láti inú páànù kan náà, ṣé RAM 128 GB yẹn ò lè gbé 40, pẹ̀lú balloon tó ń gba RAM tí VM kò lò padà?

Àbẹ̀kẹ́_Server (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. 24 lọ́nà 4 GB jẹ́ 96 GB, 4 GB sì ni ó kéré jù tí Windows 11 fẹ́. 32 GB ló kù fún onílé, QEMU fúnra rẹ̀ sì ń jẹ díẹ̀ lórí VM kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn dára. Ẹ má kọjá ibẹ̀. KSM ń fi CPU wá ohun tó jọra, ohun tó bá sì rí láàárọ̀ lè pòórá ní ọ̀sán nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bá ṣí ohun tirẹ̀. Bí RAM onílé bá tán lójijì, Linux á yan ètò kan tó ń ṣiṣẹ́ pa, èyí tó sì tóbi jù lójú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ VM ẹnì kan tó ń ṣe ìdánwò. Tan KSM bí ẹ bá fẹ́, kó jẹ́ èrè orí ọjà. Ẹ má fi í ṣe owó ọjà.

Olùkọ́_Lágere (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù: disk àti ojú ìwòran. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi cache disk sí "unsafe" kí ó lè yára, pé SPICE sì ni kí n fi máa wo desktop.

Tòkunbọ̀_Tech (Iléṣà)

Ẹ má fi unsafe sí ohun tí ẹ bá fẹ́ràn! Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tí Windows bá ní "kọ eléyìí sórí disk báyìí kí n tó tẹ̀ síwájú", onílé á dáhùn pé "mo ti kọ ọ́", nígbà tí kò tíì kọ ọ́. Ní ìlú tí iná ń lọ láìdágbére, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Mo ti rí NTFS (ètò fáìlì Windows) tó bàjẹ́ lọ́nà yìí, mi ò fẹ́ rí i mọ́. Cache tí wọ́n ń pè ní writeback ń gbọ́ àṣẹ yẹn, none náà ń gbọ́ ọ. Fún àwọn ọmọ tó ń ka ìyá kan náà, writeback ni mo máa ń lò, torí ohun tí desktop kan ti kà lára ìyá ti wà nínú RAM onílé fún àwọn tó kù.

Ìyá àti ọmọ tí mò ń wí nìyí: ẹ gbé Windows sórí qcow2 (fáìlì disk VM) kan, ẹ tún un ṣe tán, ẹ ṣe sysprep (ètò Windows tó ń pa ìdánimọ̀ rẹ́) kí orúkọ àti SID (nọ́ḿbà ìdánimọ̀) wọn má bàa jọra, ẹ pa á. Ìyẹn ni ìyá. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ qcow2 tí ìyá jẹ́ backing file (fáìlì ìpìlẹ̀) rẹ̀. Àyípadà tirẹ̀ nìkan ló máa gbé, ẹ ò sì ní san 64 GB lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bí ọmọ, ẹ chmod ìyá sí 444, kí ó jẹ́ kíkà nìkan. Bí ẹnikẹ́ni bá tan ìyá tí ó sì yí ohun kan nínú rẹ̀, gbogbo ọmọ ló bàjẹ́.

Àbẹ̀kẹ́_Server (Ilé-Ifẹ̀)

Mo fara mọ́ gbogbo ìyẹn. Mo fi kún un pé chmod nìkan kò dá root (olùdarí server) dúró, ẹ tún fi chattr +i tì í pa.

SPICE ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà ayé Windows 7 pẹ̀lú káàdì ìwòran rẹ̀, QXL, àmọ́ Red Hat tó ra Qumranet tó dá a sílẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò nínú RHEL 9, Linux tiwọn. Ẹ má kọ́lé tuntun sórí rẹ̀. Ẹ lo RDP (ọ̀nà Microsoft láti wo desktop láti ọ̀nà jíjìn) fún Windows, xrdp fún Linux, kí àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ wọ̀nyẹn máa lo Debian fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ pẹ̀lú Remmina, ètò tó ń ṣí RDP. Ẹ fi káàdì ìwòran virtio-gpu sínú àwòṣe fún ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ wo VM láti orí server fúnra rẹ̀. Windows kò ní 3D lórí rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń kọ́ AutoCAD, ẹ fún un ní kọ̀ǹpútà gidi.

Ẹ bi ẹni tó ń ta Windows fún yín léèrè nípa VDA tàbí Software Assurance, àwọn ìwé àṣẹ Microsoft fún irú ìlò yìí. Ìwé àṣẹ Windows tí a rà lásán kò bo VM tí èèyàn ń wò láti orí ẹ̀rọ mìíràn. Owó kékeré kọ́. Ó lè yí iye 16 àti 8 yẹn padà.

Ọ̀dọ́_Kámpọ́ọ̀sì (Ilé-Ifẹ̀)

Ọ̀rọ̀ iná kù. Ẹ so UPS mọ́ server pẹ̀lú USB, ẹ fi NUT (ètò tó ń bá UPS sọ̀rọ̀) sí i kó lè pàṣẹ pípa server nígbà tí bátìrì bá ń tán. Nínú fáìlì libvirt-guests, ẹ kọ ON_SHUTDOWN=shutdown, kí àwọn VM sùn dáadáa dípò kí wọ́n ṣubú. Kí qemu-guest-agent (ètò inú VM tó ń gba àṣẹ onílé) wà nínú ìyá. Inú fáìlì libvirt-guests yẹn náà ni START_DELAY wà, ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí i. Bí iná bá dé tí 24 sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, SSD yín á rò pé ọjà Ọdún Kérésì ni.

Olùkọ́_Lágere (Ilé-Ifẹ̀)

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyí, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò: pc-q35-7.2, UEFI, swtpm. CPU 2 fún VM kọ̀ọ̀kan, host-passthrough, torí mi ò lówó server kejì lọ́dún yìí. RAM 4 GB láìsí balloon. Disk lórí virtio-scsi pẹ̀lú discard (kí àyè tí a parẹ́ padà sọ́dọ̀ server), 64 GB, writeback, ìyá tí mo fi chattr tì. Virtio-net, virtio-rng (orísun nọ́ḿbà àìròtẹ́lẹ̀), ojú ọ̀nà virtio-serial fún guest agent. Gbogbo àmì hyperv fún Windows. Kò sí káàdì ohùn, kò sí floppy. Bí mo bá fẹ́ ṣe àtúnṣe Windows ńkọ́, nígbà tí mo ti ti ìyá?

Tòkunbọ̀_Tech (Iléṣà)

Ẹ má ṣí i. Ẹ da ìyá kọ, ẹ tún ẹ̀dà náà ṣe, ẹ fi oṣù àti ọdún sórúkọ rẹ̀, kí ẹ sì bí ọmọ tuntun láti ara rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ tó gbẹ̀yìn bá kúrò lára ìyá àtijọ́ ni kí ẹ tó pa á rẹ́. Kí ìyẹn lè rọrùn, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan wà nínú disk ọmọ. Kí ó wà lórí Samba, àyè fáìlì orí nẹ́tíwọ̀kì.

Ọmọ_Ọbòkun (Iléṣà)

Mo gbìyànjú disk 1 GB yẹn lálẹ́ àná lórí ọ̀kan nínú mẹ́ta mi. Ó dìde lórí virtio, ojú búlúù kò yọ. Mo fi àmì hyperv sí i pẹ̀lú. Fáànù server mi, tí mo ti rò pé bó ṣe máa ń pariwo nìyẹn láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, dákẹ́ nígbà tí mo pa ọwọ́ mọ́. Méjì tó kù, lálẹ́ òní.